Ọjọ́ Orí Kì í Ṣe Ohun Tí À Ń Fojú Bù

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa, akọ̀ròyìn, bá ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa sọ

  

Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ níbí, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn ni, torí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Wọ́n ní rárá o, ọ̀rọ̀ rẹ́jísítà ni. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣírò ọjọ́ orí èèyàn, àti bí èmi tí mo kàwé gba HND ṣe ṣi ìṣirò náà ṣe. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná.

Ẹ ó rántí pé ní ọdún 2021, ìpàdé yìí kan náà ló fọwọ́ sí i pé olùkọ́ wa yòówù tó bá ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, ẹgbẹ́ yóò máa fi owó oògùn ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tó bá pé ọjọ́ orí náà gan-an. Ẹ̀gbọ́n tó dábàá rẹ̀ sọ pé owó ìfẹ̀yìntì kì í tètè dé, tó bá sì dé, kẹ́místì ló ń gbà á. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi ni wọ́n wá yàn pé kí n ṣe àkọsílẹ̀ náà, kìkì nítorí pé wọ́n rí kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.

N kò mọ kóòdù kọ o. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní Poli. Ṣùgbọ́n lóde òní, ẹni tí kò mọ kóòdù kankan lè ṣe áàpù. Àwọn ètò tó ń jẹ́ kó ṣeé ṣe pọ̀: Excel àti Google Sheets tí ọ̀pọ̀ yín ń lò níbi iṣẹ́, AppSheet tí Google rà ní 2020, Airtable, Glide. Ẹ ó to orúkọ sí òpó kan, ẹ ó to ọjọ́ ìbí sí òpó kejì, ẹ ó kọ fọ́múlà kan, ètò náà á bá yín ṣe ìyókù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe tiwa. Bí olùkọ́ kan bá ti pé àádọ́rin báyìí, orúkọ rẹ̀ á fúnra rẹ̀ bọ́ sínú ìwé tí akápò fi ń sanwó. Mo yangàn kiri. Mo tilẹ̀ fi hàn wọ́n níbi iṣẹ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Bàbá.

Gbogbo wa la mọ Bàbá oníṣirò wa. N kò ní dárúkọ wọn, torí wọ́n jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí àwọn bá gbọ́ orúkọ àwọn lẹ́nu mi, àwọn á pè mí sí bọ́ọ̀dù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 2022, áàpù wa gbé orúkọ wọn jáde pé wọ́n ti pé àádọ́rin. Inú wa dùn. Àwa mẹ́fà ra kéèkì, a kó sínú mọ́tò, ó di ilé Bàbá. Láti ẹnu géètì la ti bẹ̀rẹ̀ orin. Bàbá jáde pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́, wọ́n dúró gbọ́ orin náà tán, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún wa, wọ́n gé kéèkì. Ìgbà tí a ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n tó rọra sọ pé, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ni wọ́n bí mi."

Kéèkì há mi lọ́fun.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1952. Ìyẹn ni pé láti oṣù kẹta 2022 ló ti yẹ kí owó oògùn máa dé ọwọ́ wọn. Títí di ìparí oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko ti lọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò pè wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé ẹlẹgbẹ́ àwọn tó kọ́ wa ní Jọ́gíráfì ti ń gba tirẹ̀, àwọn sì rò pé bóyá nítorí ẹgba tí àwọn na alága wa ní kíláàsì kẹta ni wọn kò ṣe fi tàwọn ránṣẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ni, alága náà ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ṣùgbọ́n ìwé gbèsè kẹ́místì wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, lábẹ́ ìgò omi, mo sì rí i. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, oṣù lórí oṣù. N kò lè jẹ kéèkì náà tán.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Fọ́ọ̀mù tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn kọ wà lọ́dọ̀ mi. Bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Nàìjíríà ni wọ́n kọ ọ́, 11/03/1952, ọjọ́ ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ìlànà Amẹ́ríkà ló wà lórí ìwé ìṣirò tí mo ṣí sórí kọ̀ǹpútà, n kò sì yí i padà. Lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀, oṣù ló ń ṣáájú ọjọ́. Bí ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ṣe di ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kò bi mí, kò kìlọ̀ fún mi, kò pariwo.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Olùkọ́ mìíràn wà tí wọ́n bí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta. Nígbà tí mo tẹ 25/03 wọlé, kọ̀ǹpútà wò ó pé kò sí oṣù 25 láyé, ó kọ̀ ọ́, ó fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, òpó ọjọ́ orí sì gbé àṣìṣe jáde pẹ̀lú àwọ̀ pupa. Mo rí irú wọn bíi mélòó kan. Mo fọwọ́ tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, mo nu ojú mi, mo ní iṣẹ́ ti parí. Kò yé mi pé èyí tó pariwo kọ́ ni wàhálà. Gbogbo ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ kìíní títí dé ọjọ́ kejìlá ni ètò náà yí lórí padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àyàfi àwọn tí ọjọ́ àti oṣù wọn bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, bí ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún. Àwọn yẹn ló bọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àkọsílẹ̀ ìjọ, ti mọ́sálásí tàbí ti alájẹṣẹ́kù, ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ọjọ́ wọlé, tó sì lọ fara ti ọwọ́ òsì inú àpótí rẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni kọ̀ǹpútà kà á sí. Bó bá fara ti ọwọ́ ọ̀tún, ó gbà pé ọjọ́ ni. Ṣùgbọ́n pé ó gbà pé ọjọ́ ni kò sọ pé ọjọ́ tí ẹ ní lọ́kàn ni o! Ẹ lọ sí ibi ètò ìwé náà kí ẹ yí orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí Nàìjíríà tàbí Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, yíyí rẹ̀ padà kò wo ohun tó ti bàjẹ́ sàn.

Ìdí ni pé kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú ọjọ́ bí a ṣe kọ ọ́. Nọ́ńbà ló ń tọ́jú. Nínú Excel, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni nọ́ńbà 1, ó sì ń kà á lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìbí Bàbá gan-an jẹ́ 19,064. Èyí tí mo fi sínú rẹ́jísítà jẹ́ 19,301. Ọjọ́ 237 ló wà láàrin méjèèjì. Bí nọ́ńbà bá ti wọlé, ó wọlé nìyẹn. Bí ẹ bá wá ní kó fi ìlànà Nàìjíríà hàn yín, 03/11/1952 ló máa fi hàn, á sì rí bí òótọ́. Nítorí náà, mo ní láti kó gbogbo fọ́ọ̀mù jáde, kí n jókòó tì wọ́n, kí n tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Òru mẹ́ta ni. Ìyàwó mi rò pé mo ti rí iṣẹ́ tuntun.

Ẹ jẹ́ n fi èyí pa yín lẹ́rìn-ín kí n tó kọjá: Excel gbà pé oṣù kejì ọdún 1900 ní ọjọ́ 29. Kò ní. Ọdún tó bá parí sí ọgọ́rùn-ún kò ní ọjọ́ 29 nínú oṣù kejì rẹ̀, àfi tí 400 bá pín in dọ́gba, bíi ti 2000. Ètò àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Lotus 1-2-3 ló ti ṣe àṣìṣe náà ṣáájú, Excel sì gbà á bẹ́ẹ̀ kí ìwé àwọn èèyàn má baà dàrú. Kò kan ọjọ́ orí wa, torí kò sí ẹnikẹ́ni níbí tí wọ́n bí ṣáájú oṣù kẹta ọdún 1900. Àbí ó wà?

Ó ku fọ́múlà. Lọ́jọ́ kéèkì yẹn, bí mo ṣe ń tọrọ àforíjì, Bàbá ní kí n gbé kọ̀ǹpútà náà wá kí àwọn rí bí mo ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n. Mo fi hàn wọ́n. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú ọjọ́ òní, mo yọ ọjọ́ ìbí kúrò nínú rẹ̀, mo sì fi 365.25 pín ohun tó ṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ìdá mẹ́rin ọjọ́ yẹn dúró fún ọdún tí oṣù kejì máa ń ní ọjọ́ 29, torí bí èèyàn bá fi 365 pín in, ẹni tí wọ́n bí ní oṣù kẹwàá 1964 á ti di ẹni ọgọ́ta fún ọjọ́ 15 kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó pé ní 2024. Bàbá mi orí. Wọ́n bọ́ ìwòjú, wọ́n tún un fi, wọ́n mú bíírò.

"Àádọ́rin ọdún lọ́nà 365 jẹ́ 25,550. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi títí di ọjọ́ ìbí mi ní 2022, oṣù kejì ti ní ọjọ́ 29 nígbà 17, láti 1956 títí dé 2020. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 25,567. Fi 365.25 lọ́po àádọ́rin. Èló ni?"

Mo tẹ̀ ẹ́. 25,567.5.

"Ìdajì ọjọ́ ló kù. Nítorí náà, ká tiẹ̀ ní o kọ ọjọ́ ìbí mi dáadáa, lọ́jọ́ tí mo pé àádọ́rin, ẹ̀rọ rẹ á ṣì máa pè mí ní ẹni ọdún 69. Jókòó."

Mo jókòó.

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún àwọn ọmọ wa kéékèèké. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2021, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022 tí ẹ ti se ìrẹsì, tí ẹ ti fẹ́ bàlúù, ọjọ́ 365 péré ló wà láàrin. Ẹ fi 365.25 pín in, kò pé ẹyọ kan. Òdo ni kọ̀ǹpútà á kọ síwájú orúkọ ọmọ náà.

Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mú ọdún tí a wà, wọ́n á yọ ọdún ìbí kúrò, ó tán. Èyí ló burú jù, torí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni ẹni tí wọ́n bí ní oṣù kejìlá á ti di àgbà láìtọ́jọ́.

Bàbá ní kí n wo ọ̀rọ̀ náà bí a ṣe ń wò ó ní kíláàsì kìíní. Ọjọ́ orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye ọjọ́ rárá, ọ̀rọ̀ bóyá ọjọ́ ìbí ti kọjá lọ́dún yìí tàbí kò tíì kọjá ni. Ẹ yọ ọdún kúrò nínú ọdún. Bí oṣù àti ọjọ́ ìbí kò bá tíì pé lọ́dún yìí, ẹ yọ ẹyọ kan sí i. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé àwọn oníkóòdù ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ti ń dá tipẹ́ láti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi bíírò ṣe. Ẹ kọ ọjọ́ náà bí nọ́ńbà kan gígùn, ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọjọ́ kẹ́yìn, kí oṣù àti ọjọ́ ní nọ́ńbà méjì méjì. Ọjọ́ ìbí Bàbá á di 19520311. Ká ní ọjọ́ tí ó ku ọ̀la kí wọ́n pé àádọ́rin ni à ń ṣírò, 20220310. Ẹ yọ ọ́: 699999. Ẹ gé mẹ́rin ìgbẹ̀yìn kúrò, ó ku 69. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, 20220311. Ẹ yọ ọ́: 700000. Ẹ gé mẹ́rin ìgbẹ̀yìn, ó di 70. Òru ọjọ́ kan péré!

Nígbà tí mo fi èyí han Bàbá lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dára." Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí kíláàsì wọn mọ iye ìgbà tí a gbọ́ "ó dára" láàrin ọdún mẹ́fà.

Bí ẹ ó ṣe kọ ọ́ sínú ètò yòówù nìyí: ọdún lọ́nà 10,000, ẹ fi oṣù lọ́nà 100 kún un, ẹ fi ọjọ́ kún un. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún òní, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ ìbí, ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní, ẹ fi 10,000 pín in, kí ẹ sì ní kó ju ohun tó bá ṣẹ́kù nù, kó má sún un sókè. Ohun tí ẹ gé kúrò yẹn kì í ṣe oṣù àti ọjọ́ o, ẹ má fi sọ pé èèyàn jẹ́ ọdún báyìí àti oṣù báyìí. Bó bá jẹ́ Excel tàbí Google Sheets lẹ ń lò, DATEDIF wà níbẹ̀. Ẹ fún un ní ọjọ́ ìbí, lẹ́yìn náà ọjọ́ òní, lẹ́yìn náà lẹ́tà Y, ọjọ́ orí á jáde geere. Excel kì í dárúkọ rẹ̀ fún yín bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, torí Lotus yẹn náà ló ti wá, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà MD tó ń ka ọjọ́ tó kù lẹ́yìn oṣù. Microsoft fúnra wọn kìlọ̀ pé ó lè ṣìnà.

Ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀tì tiwa wà, ọjọ́ 29 oṣù kejì 1988 ni wọ́n bí i. Ní 2024, ó ní ọjọ́ ìbí òun kẹsàn-án nìyẹn, nítorí náà kí àwa àgbà ra bísíkíìtì fún òun. Ìṣirò tí mo sọ yìí á sún un sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹta láwọn ọdún tí kò ní ọjọ́ 29. Fọ́múlà mìíràn tó ń fi oṣù 12 kún ọjọ́ ìbí á dá a dúró sí ọjọ́ 28 oṣù kejì. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Kí ẹgbẹ́ ṣáà mú ọ̀kan, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má rò pé owó oògùn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìn tì ní ọgọ́ta ọdún tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Òfin àpapọ̀ ọdún 2022 sún ti olùkọ́ sí ọdún 65 tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti lọ sílé kí òfin yẹn tó dé. Àwa ọ̀dọ́ náà, ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lọ́jọ́ tó gboyè, ìwé ìyọ̀ǹda ni NYSC ń fún un, kì í lọ sìnrú ìlú. Mo mọ ẹni tí oṣù kan péré yí ọ̀nà ayé rẹ̀ padà níbẹ̀.

Èyí tí kọ̀ǹpútà kò lè bá wa tún ṣe ni ohun tí èèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Àwa Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìjọ́ kẹjọ tí a ó sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ méje ni kọ̀ǹpútà á kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùkọ́ wa obìnrin kan ṣe kọ "70" sí fọ́ọ̀mù. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní, "Mo ti wọ àádọ́rin." Òótọ́ ni, wọ́n wà nínú ọdún wọn kẹtàdínlógójì lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, bí Bàbá oníṣirò bá fẹ́ kí n fi ìṣirò sọ ọ́. Ọdún 69 ni wọ́n pé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ọjọ́ ìbí ni mo ń gbà. Rẹ́jísítà àtijọ́ tí akọ̀wé ìgbà kan fi lé wa lọ́wọ́, "ọjọ́ orí: 54" ló kọ síbẹ̀, kò sì kọ ọjọ́ tó kọ ọ́. Ọdún wo ni 54 náà? Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ kọ ọdún pé. Bàbá kan tó kọ́ àwọn sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ kọ "29". Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 2029 ni Excel ń ka irú rẹ̀ sí, kì í ṣe 1929. Bàbá tó bí ọmọ, tó rí ọmọ ọmọ, kọ̀ǹpútà ní wọn kò tíì bí wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó wúwo, èyí tí mo fẹ́ kí ìpàdé yìí bá wa dá sí.

Ní ọdún tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Bàbá, ẹ ní kí owó oògùn kan àwọn tó sìn wá láìjẹ́ olùkọ́ náà. Ẹ rántí Ìyá tó ń dáná fún wa. Ọjọ́ tí mo lọ gba ọjọ́ ìbí wọn, wọ́n fi ìwé ìbúra kóòtù hàn mí: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1960. Mo bi wọ́n bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n ní ọdún tí Adélabù kú ni wọ́n bí àwọn, nígbà tí àgbàdo tuntun dé. Adégòkè Adélabù kú nínú ìjàǹbá mọ́tò ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1958, ìlú Ìbàdàn sì gbóná lẹ́yìn rẹ̀ débi pé kò sí ìyá tó bímọ lọ́dún náà tó lè gbàgbé. Nítorí náà, àárín ọdún 1958 ni. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ ni akọ̀wé kan ní kí wọ́n lọ búra, ẹni tó bá wọn kọ ọ́ ní kóòtù sì fi ọdún òmìnira síbẹ̀ torí ó rọrùn láti rántí, ó fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí i torí ó gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ kan sí i.

Kì í ṣe Ìyá nìkan. Ẹ wo rẹ́jísítà wa, ẹ ó rò pé ọjọ́ ọdún tuntun ni gbogbo àgbà ìlú yìí wáyé. Nígbà tí wọ́n bí wọn, kò tíì sí òfin tó mú ìforúkọsílẹ̀ ìbí ní dandan jákèjádò Nàìjíríà. Nígbà náà, ẹni tí bàbá rẹ̀ mọ ìwé kọ ọ́ sí ẹ̀yìn Bíbélì tàbí Kùránì. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀wé, lọ́jọ́ tó fẹ́ wọ ilé ìwé, wọ́n ní kó gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kó fọwọ́ kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá tó o, ó ti tó wọlé. Mélòó nínú ẹ̀yin àgbà tó jókòó níbí ni apá gígùn mú wọ ilé ìwé kí ọjọ́ orí tó pé?

Nípa ìwé kóòtù, Ìyá á pé àádọ́rin ní oṣù kìíní 2030. Nípa ti Adélabù, àárín ọdún 2028 ni. Ọdún kan ààbọ̀ owó oògùn ló wà láàrin. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ìwé ni ẹ̀rí, pé bí a bá ń gba ìtàn ẹnu, gbogbo èèyàn ni yóò wá sọ pé ọdún tí Adélabù kú ni wọ́n bí àwọn. Mo gbọ́ wọn, n kò sì fojú di ọ̀rọ̀ wọn. A mọ àwọn tó bú ọjọ́ orí kù nítorí iṣẹ́, tí wọ́n sì fẹ́ fi í kún un báyìí nítorí owó.

Èrò tèmi ni pé ẹgbẹ́ wa kì í ṣe kóòtù. Mo ti fi òpó kan kún rẹ́jísítà náà, tó ń sọ ibi tí a ti mọ ọjọ́ ìbí kọ̀ọ̀kan: ìwé ìbí, ìwé ìbúra, tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà. Fún ẹni tó bá jẹ́ pé ọdún nìkan la mọ̀, ẹ jẹ́ kí owó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún tó máa pé àádọ́rin. Bí a bá ṣìṣe, àpò ẹgbẹ́ ni kó jẹ ẹ́, kó má jẹ́ àgbàlagbà ni yóò máa ra oògùn láwìn. Fún irú ọ̀rọ̀ Ìyá, kí àwọn méjì tí wọ́n jọ dàgbà bá wọn jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀, kí a sì gba ti Adélabù. Mo dábàá rẹ̀ báyìí, mo sì ń retí ẹni tó máa kín in lẹ́yìn kí a tó lọ jẹun.

Ti Bàbá, ẹgbẹ́ san owó oṣù mẹ́jọ náà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n kà á lójú mi, wọ́n ní ó pé. Wọ́n tún ní kí n máa kó rẹ́jísítà náà wá fún àwọn lọ́dọọdún kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ti ọdún yìí ti dé láti ọ̀dọ̀ wọn. Bíírò pupa wà ní ibi méjì.

Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí akápò jókòó sí. Orúkọ kálukú ti wà lórí tirẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìbí tó wà lọ́wọ́ wa. Bí ó bá tọ́, ẹ fọwọ́ sí i. Bí kò bá tọ́, ẹ fagi lé e, kí ẹ sì fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù, ẹ má fi nọ́ńbà kọ ọ́.